Àpótí Sípíkà Tí Ọmọ Mi Gbá Mọ́ra

Báwo ni ìyá ṣe ń bẹ ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀? Mo ti bi ara mi léèrè nídìí ààrò, mo ti bi í nídìí ẹ̀rọ omi, mo ti bi í nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwọn tó kù ń ka ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, títí di òní tí mo mú bírò yìí lọ́wọ́, n kò rí ìdáhùn. Mo lè kúnlẹ̀ o. Mo tilẹ̀ ti kúnlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, ọmọ mi rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà bá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ tú abẹ́ àga kiri, ó ń bá mi wá a. Ta ni yóò rí irú èyí tí ọkàn rẹ̀ kò ní fọ́?

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn kó lọ. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ nínú ikùn, rírà ló ń rà. Bí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́, ẹ fi ojú fò ó. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ. Oyún oṣù mẹ́rin ni mo gbé lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, tí orúnkún mi ń kan tábìlì, tí mo ń pe a, b, d pẹ̀lú àwọn ìyá tí wọ́n ti ní ọmọ ọmọ. Ẹ sì lè rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Orin ni.

Láti kékeré ni orin ti ń pa mí bí ọtí. Nígbà tí mo wá sí Ìkọ̀lé láti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa, àgbàlá kan wà lẹ́yìn ilé ọtí ìyá kan báyìí. Igi máńgòrò kan ló wà láàárín rẹ̀, páànù bo apá kan, apá kejì sì ń wo ojú ọ̀run. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú tí a ti jẹun, Bọ̀dá Gòkè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé jìtá méjì, ìlù mẹ́rin àti àpótí sípíkà dúdú méjì sábẹ́ máńgòrò yẹn, wọ́n á sì máa kọrin títí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀. Télọ̀ ni Bọ̀dá Gòkè lọ́jọ́ iṣẹ́, ní Ọyẹ́. Kò gbajúmọ̀ kọjá agbègbè wa, ẹ kò lè rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí kò tíì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibi kékeré bẹ́ẹ̀, tí ó ń rí òógùn lójú olórin, tí ó ń gbọ́ bó ṣe ń wú ikọ́ kó tó gbé orin sókè, onítọ̀hún kò tíì mọ ohun tí orin jẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kì í mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Bọ̀dá Gòkè mọ̀. Bí o bá wọlé pẹ̀lú ìbànújẹ́, á wò ọ́, á sì yí orin padà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Èmi àti Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi, onídìrí, a tẹ̀ lé e kiri. Bó bá wà ní Ìdó, a ó wà ní Ìdó. Bó bá lọ Ìtapàjí, a ó gun ọ̀kadà kan ṣoṣo, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọlọ́kadà, eruku á sọ irun wa di ti arúgbó.

Àṣà kan wà ní ibi eré rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kí òun nínú orin kò ní pariwo orúkọ sí i létí. Inú ìwé pélébé ni yóò kọ ọ́ sí, yóò fi ránṣẹ́ síwájú, Bọ̀dá Gòkè á yọjú wò ó, á sì fi dárà. Ó ní òun ti ṣi orúkọ gbọ́ rí ní Ìdó, òun fi ti ìyàwó ilé kí àlè ọkọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ jìtá mọ́ òun lórí. Kí ni kí èmi tí n kò mọ a yàtọ̀ sí gọ̀ǹgọ̀ ṣe? Fúnkẹ́ ló ń bá mi kọ tèmi, kì í sì í kọ ọ́ láìbú mi. Á ní, “Ìwọ yìí! Gbogbo orin Bọ̀dá Gòkè wà lórí rẹ, orúkọ tí bàbá rẹ fún ọ, o ò lè kọ ọ́!” Lọ́jọ́ kan ó kọ ohun tó wù ú. Mo kàn gbọ́ tí Bọ̀dá Gòkè ń kí “Ìyàwó Olórí-kunkun ọmọ Ajẹ̀gúsí-má-fọmọ-jẹ”, tí gbogbo àgbàlá sì ń wò mí, tí wọ́n ń lu itan. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sunkún díẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ mọ̀wé.

Ọkọ mi, bíríkìlà ni, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́. Kò bínú sí orin mi rí. Ó kàn máa ń sọ pé, “Ìyàwó, ṣáà ti sè kí o tó lọ.” Ìgbà tí mo lóyún, èéfín jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ń fa èébì fún mi, n kò lè dé àgbàlá mọ́ rárá, torí náà ni mo ṣe ráyè fún ìwé. Nígbà tí mo bí Ayọ̀, ìyá ọkọ mi wá láti Ìtàjí láti bá mi wẹ̀ ẹ́. Ó mọ ọmọ wẹ̀, ẹ kò lè fi ìyẹn bú u. Ó máa ń na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé e jù sókè, á fi òrí pa á lára. Bí a bá gún iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ sùn sí, Ayọ̀ á máa sùn lọ bí ẹni wà nínú oko. Àwọn ará ilé ń yìn mí pé, “Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ lo bí. Ti àwa, odó kan kò ní dún kí wọ́n má figbe ta.” Èmi náà ń yọ̀. Mo ní bàbá rẹ̀ ló jọ.

Ọmọ náà pé oṣù márùn-ún ni mo tó pọ̀n ọ́n padà sí abẹ́ máńgòrò. Kò sunkún. Àwọn ọmọ mìíràn á máa ké bí jìtá bá ti han, tèmi á la ojú rẹ̀ sílẹ̀, á máa wo ènìyàn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí rá, ẹ wò ó, bí mo bá gbé e sílẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ àpótí sípíkà ni yóò rá lọ. Á di í mú, á dìde dúró, á na ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra, á fi àyà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ dúdú tó bo ojú rẹ̀, á wá máa rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn! Títí di òní, n kò rí i lójú ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Fúnkẹ́ á ní, “Ọmọ ẹran kì í ṣe ìran ìyá rẹ̀ tì.” Lọ́jọ́ kan mo ya ìwé pélébé, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ẹ̀wà: AYỌ̀ ỌMỌ MI. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ fún ẹlòmíràn kà láyé mi nìyẹn. Bọ̀dá Gòkè kà á, ó wo ọmọ tó so mọ́ àpótí, ó wò mí, ó bá dá a lórin pé Ayọ̀ ló ń fi àyà gbọ́ orin, pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi etí gbọ́ wá bi í léèrè ohun tí àpótí ń sọ. Gbogbo àgbàlá gbè é. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní Ọ̀gá Àpótí, tí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ sípíkà lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Ṣé ẹ rí bí ìgbéraga ṣe ń mú ènìyàn?

Ó pé ọdún kan, kò pe màmá. Ó pé ọdún kan àbọ̀, kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọ ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, mo gbà. Lẹ́yìn náà ni a lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ìtàjí. Ayọ̀ ń ṣeré lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n sá ègé gbáàgúdá sí, ọlọ́kadà kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè, ó ń fọn ọ́n. Ayọ̀ kò yí ọrùn. Ọlọ́kadà yà bàrá, ó sì ṣubú sínú ègé, ó dìde pẹ̀lú funfun lára, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá ọmọ yìí, ṣé adití ni?” N kò tíì la ẹnu tí ìyá ọkọ mi fi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, lójú gbogbo àdúgbò, “Báwo ni kò ṣe ní í dití? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbé etí rẹ̀ ti ẹnu àpótí olórin! Ẹni tí kò jókòó sí ulé, tó fi orin ṣe uṣẹ́, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà bà mí bí òkò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé mo fẹ́ sọ pé n kò gbé e lọ ni?

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Wọ́n lu irin sí i létí, wọ́n fọn nǹkan, wọ́n tan iná wò ó nínú. Dókítà wá bi mí, “Madam, ṣé ẹ máa ń gbé e dé ibi tí ariwo pọ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kò sọ pé ariwo ló fà á. Ó bi mí ní ohun púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ó bi mí bóyá ibà líle ti mú un rí, ó bi mí bóyá ẹlòmíràn wà nínú ìdílé tí kò gbọ́ràn. Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀, ọkọ mi náà ní òun kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí ni mo gbé délé. Ìbéèrè ni dókítà béèrè, èmi ni mo sọ ọ́ di ìdájọ́.

Mo kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi jọ sínú àpò, mo lọ dà wọ́n sí ṣáláńgá. Mo gbé rédíò fún àbúrò ọkọ mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí n bá tún gbọ́ orin ayé mọ́, kí ó mú etí tèmi náà. Bọ̀dá Gòkè ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Fúnkẹ́ pé kí ló dé tí àwọn kò rí Ọ̀gá Àpótí mọ́. Mo ní kó sọ fún un pé mo ti fi orin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Ayọ̀? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjìji ilé wa dé ibi tó máa ń dé tí a fi ń jáde, ó lọ gbé bàtà mi wá, ẹyọ kan, ó tún padà lọ gbé ẹyọ kejì. Ó kó wọn sí iwájú mi. Ó di etí ìró mi mú, ó ń fà mí sí ọ̀nà àgbàlá. Mo mi orí. Ó tún fà mí. Mo gbé bàtà padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi gbé bàtà yẹn wá kó tó ṣíwọ́.

Ẹ̀rù ló sọ mí dà bí mo ṣe dà. Mo ń rò pé bóyá ó ṣẹ́ ku díẹ̀ nínú etí ọmọ náà, pé bí mo bá ṣọ́ ọ dáadáa, èyí tó kù kò ní bàjẹ́. Bí mo bá rí ọkọ̀ tó ń fi sípíkà polówó oògùn, mo ti ki Ayọ̀ mọ́lẹ̀, mo ti fi ọwọ́ bò ó létí. N kò lè gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ibi tí wọ́n gbé sípíkà sí ni mo máa ń wò. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìkórè dé. Ayọ̀ ti pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n yá àpótí sípíkà ńlá méjì, wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, a sì ń jó lọ síwájú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i. Mo bojú wo iwájú, ó ti gbá àpótí mọ́ra, àyà rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ọjọ́sí yẹn gan-an wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ mi. Mo nà án níwájú ìjọ Ọlọ́run. Mo ń nà án, mo ń sunkún, mo ń nawọ́ sí àpótí, mo ń nawọ́ sí etí rẹ̀, mo fẹ́ kó yé e. Kí ló fẹ́ yé e níbẹ̀? Ohun tó rí ni pé ìyá òun ń na òun nítorí ohun tí òun fẹ́ràn. Igbe tó ké kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Láti ọjọ́ náà, bí Ayọ̀ bá rí àpótí tí aṣọ dúdú bò lójú, á kó ọwọ́ méjèèjì sí abíyá, á sì yí ẹ̀yìn sí i. N kò tún rí ẹ̀rín yẹn mọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ilé ìwé àwọn tí kò gbọ́ràn ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ìsinmi ló ń gbé e wálé. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀wé jù mí lọ. Olùkọ́ wọn obìnrin pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí mo lọ mú un, ó ní, “Màmá Ayọ̀, a ní ìlù ńlá kan. Bí a bá ń lù ú, àwọn ọmọ á yí i ká, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á fi àyà tì í, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ wọn ní ijó. Ara ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Inú wọn máa ń dùn sí i ju oúnjẹ lọ. Ayọ̀ nìkan ni kì í sún mọ́ ọn. Ta ló dẹ́rù bà á?” Mo ní n kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà fún yín, irọ́ ni mo pa fún obìnrin náà, mo sì pa á lójú ọmọ mi tó ń wo ètè mi.

Mo lọ wo àgbàlá ọjọ́sí. Wọ́n ti gé máńgòrò, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù káàdì fóònù síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fun ń yọ Bọ̀dá Gòkè lẹ́nu, pé ó ti ta sípíkà, aṣọ nìkan ló ń rán. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ṣé kí n wá àpótí mìíràn lọ, kí n mú ọwọ́ Ayọ̀, kí n gbé e lé e? Bó bá yọ ọwọ́ ńkọ́? Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún un? Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ya á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún tẹ́lẹ̀: etí rẹ̀ ni mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni mo tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kẹ́yìn.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ, a lọ sí Ìtàjí láti sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ń wẹ ọmọ náà lórí ẹsẹ̀, èmi ń bu omi fún un. Àwọn obìnrin gbé odó sí ẹ̀yìn ilé. Bí ọmọ-odó ṣe kan iyán lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tuntun ta gìrì, ó fẹ apá méjèèjì, ó figbe bọnu. Kàìnkàìn bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Mo wo ojú rẹ̀, omijé ló ń dà.

Mo ní, “Màmá, kí ló dé? Ṣé omi gbóná jù ni?”

Ó ní, “Ìyàwó mi, má bínú sí mi. Unú mi ni mo gbé e sí látọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí a sọ Ayọ̀ lórúkọ, orí ẹsẹ̀ mi báyìí ló wà. Odó mẹ́ta ni wọ́n ń gún pọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò mì. Mo pàtẹ́wọ́ sí i létí, kò mì. Mo sọ ìdérí ìkòkò sílẹ̀, kò mì. Àbúrò mi kan wà ní ulé bàbá mi tí kò gbọ́ràn títí tó fi kú, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.”

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni Ayọ̀ nígbà náà. N kò tíì gbé e dé ibi orin kankan.